Ọkọ̀ Tó Ń Yọ̀, Má Bá A Yọ̀

Ẹ jókòó. Mo ní kí ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Yọmí. Ṣẹ́gun, yéé wo abẹ́ àga kiri, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ kò sọnù. Èmi ni mo mú un lórí tábìlì nígbà tí o lọ bu omi mu. Òun nìyí, mo ti ta á ní kókó mọ́ etí ìró mi. Ẹni tó bá láyà kó wá tú u... Títí ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí bàbá yín máa kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, wọn ò ní tètè fi í sílẹ̀. Kó tó wọlé, ọ̀rọ̀ mi á ti tán. Bí kò bá sì tán, òun náà á bá wa gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ yín kí n tó rí yín. Ẹ ń gun òkè ilé wa yìí bọ̀, mọ́tò ń ké, ó ń ké bí ẹni tó fẹ́ fò, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ò yá ju ti ẹni tó ru igi lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, ta lèyí? Ẹ̀yìn ìyẹn ni òórùn dé. Ṣé ẹ gbọ́ òórùn yẹn ṣá? Bí ìgbà tí akísà bá ń jóná lábẹ́ ìkòkò. Háà! Mo dìde dúró. Mo mọ òórùn yẹn. Kí wọ́n tó bí yín ni èmi àti ẹ̀ ti pàdé. Ojú mi lè ti di bàìbàì, imú mi ò di.

Kílọ́ọ̀ṣì ni. Kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò yín ti jẹ tán. Ṣẹ́gun, má tíì dá mi lóhùn, mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan. O ní á gbé yín dé Ibiade, á sì gbé yín padà, pé tí ẹ bá dé, ẹ ó wá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. O ní o ti ń fi í gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri ní Àgọ́-Ìwòyè, kò sì ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ẹ gbọ́ o! Láti ilé táwọn ọmọ háyà dé géètì yunifásítì, ìyẹn lo fi ń díwọ̀n ọ̀nà etí omi? Bàbá rẹ lo sì fẹ́ gbé jókòó sínú rẹ̀?

Bàbá yín. Nínú gbogbo èèyàn tó wà láyé... Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń sáré gun òkè yìí láìmí hẹlẹ, tíṣà ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò tíì sí yunifásítì níbẹ̀. Oko kòkó ló wà níbi tí ẹ̀ ń pè ní họ́sítẹ̀lì yẹn. Tíṣà tó ń wa mọ́tò ni mí. Ẹ gbọ́, kì í ṣe pé mo ní mọ́tò o, mo ní mo ń wa mọ́tò. Mo gba láísẹ́ǹsì. Obìnrin mélòó ló ń wa mọ́tò ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà? Ẹ kà wọ́n fún mi. Ẹ ò rí nǹkan kà, àbí? Èmi mọ ara mi. Mi ò mọ ẹnì kejì.

Ta ló kọ́ mi? Bùọ̀dá Rábíù ni, àbúrò ìyá mi, ará Japara. Lọ́rì gẹdú ló ń wà. Ẹ̀yin ò mọ lọ́rì gẹdú. Igi ńláńlá, igi tí èèyàn mẹ́ta ò lè fọwọ́ ká, wọ́n á tò ó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi ṣéènì dè é, Bùọ̀dá Rábíù á sì gbé e jáde látinú igbó, á máa kọrin. Ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àyà rẹ kì í já. Gòkè wá síbí." Bí mo ṣe gòkè nìyẹn. Inú lọ́rì gẹdú ni mo ti kọ́ mọ́tò. Ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan kílọ́ọ̀ṣì, àpò ìrẹsì ni wọ́n ká sí mi lẹ́yìn kí n lè sún mọ́ ọn.

Lónìí, ẹ ń ra mọ́tò tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì á kàn na gbalaja bí àlejò tó yó. Ó dáa, mi ò bá yín jà. Àmọ́ tìẹ, Ṣẹ́gun, tìẹ ṣì ní kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ ò sì fìgbà kan kúrò lórí rẹ̀. Mo wò ọ́ nígbà tí ẹ ń wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ sinmi lé e gẹlẹtẹ. Kí lo rò pé ó jẹ́, àpótí ìtìsẹ̀?

Bùọ̀dá Rábíù máa ń sọ pé, "Ẹ́ńjìnnì ń yí láyè tirẹ̀, táyà ń yí láyè tirẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ló bá wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú. Tẹ̀ ẹ́, wọ́n á jáwọ́. Fi í sílẹ̀, wọ́n á tún dìmú." Ó ní tó bá ti jẹ, á dà bí ìgbà tí èèyàn ń wẹ ọmọ, tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Bó o ṣe ń dì í mú ló ń yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ní, "Tí ọkọ̀ bá sì ti ń yọ̀, ìwọ má bá a yọ̀ o." Mo rò pé eré ló ń ṣe. Bùọ̀dá fẹ́ràn àwàdà. Mi ò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn á bọ̀ wá wúlò fún mi.

Ó dáa. Bàbá mi wá ńkọ́? Bàbá Olùkọ́ ni gbogbo Òkè-Ṣọ́pẹn ń pè é. Ọ̀gá ilé ìwé, oníwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ọkùnrin gíga, aṣọ rẹ̀ funfun báláú, bàtà rẹ̀ ń dán. Ẹ̀ka-èdè wa yìí, kò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé rẹ̀ rárá. Bí ìyá mi bá ní, "Mò ń lọ ulé," bàbá mi á ní, "Ilé. Ilé ni." Ìyá mi á ní, "Ulé ni ìyá mi bí mi sí." Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n ṣe gbé pọ̀ títí wọ́n fi darúgbó nìyẹn, ẹnì kankan ò ṣẹ́gun.

Bàbá mi wá ra mọ́tò. Àlòkù ni, aláwọ̀ ewé, ọwọ́ tó ti gbà kọjá pọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ẹ pè é ní àlòkù! Gbogbo àárọ̀ ló ń fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó ń fi aṣọ nù ún bí awo oúnjẹ. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Àlùfáà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà pé ọkọ̀ náà kò ní rí ẹkún, pé ayọ̀ ni á máa gbé lọ, ayọ̀ ni á máa gbé bọ̀. Àmín bàbá mi ló rinlẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Òkè-Àgbò, pé kó wò ó. Mẹkáníìkì wọ inú rẹ̀, ó wà á yí ká, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Olùkọ́, ọkọ̀ yín ń yọ̀ o."

Bàbá mi ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run!"

Mẹkáníìkì wò ó. Ó ní, "Bàbá, mo ní ó ń yọ̀. Tó bá dé òkè gan-an ló ń yọ̀ jù."

Bàbá mi ní, "Lórí òkè o, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ o, á máa yọ̀ ni. Àdúrà tí Àlùfáà gbà nìyẹn." Ó bọ mẹkáníìkì lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò, ó lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín in gbó. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún èèyàn títí ó fi kú. Ẹ wò ó, kí lẹ fẹ́ kí ọkùnrin yẹn tún wí? Yọ̀ ni yọ̀. Èyí tí a fi ń yọ̀ nígbà ìdùnnú, òun náà ni ẹsẹ̀ fi ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Bàbá mi tó ń tún èdè ṣe fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló gbé e lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ rò pé ẹ mọ gbogbo nǹkan.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà yín bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi Morẹ́nikẹ́, tí gbogbo yín wá ń pè ní Ìyá Ibiade. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ibiade ni wọ́n ti fẹ́ ẹ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ kí oyún tó dúró. Nígbà tí ìròyìn dé pé ó bí ọkùnrin, bàbá mi jó nínú ilé! Bàbá Olùkọ́, ó jó. Àwọn àna wa ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ò ní sọ ọmọ náà lórúkọ kan tí bàbá ìyàwó ò bá sí níjokòó. Iyì ńlá nìyẹn. Bàbá mi ní, "Mọ́tò mi ni a ó gbé lọ."

Mo ti gba ìsinmi láti Àgọ́-Ìwòyè. Ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ la gbéra, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Bàbá mi lórí sitíárì, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá mi lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Ẹrù wo? Iṣu, aṣọ ọmọ, àti ọlọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọlọ. Ọlọ ata. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn ará etí omi, yanrìn ni ilẹ̀ wọn, ẹrẹ̀ ni, omi ni. Òkúta ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ sílé pé òun ń yá ọlọ aládùúgbò lò, àwọn ìyàwó ilé sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wọlé ọkọ láìní òkúta. Ìyá mi gbọ́ ìyẹn, inú bí i! Ó wá ọlọ tó dára, ọlọ tó wúwo, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Èmi àti ẹ̀ la jọ gbé e sí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú mọ́tò.

Bàbá mi rí i. Ó ní, "Òkúta kẹ̀? À ń lọ sọ ọmọ lórúkọ, o di òkúta lẹ́rù? Mọ́tò mi kì í ṣe lọ́rì."

Ìyá mi ní, "Ulé tí ò lọ́lọ kì í ṣe ulé."

"Ilé."

"Ulé."

A gbéra.

Ẹ gbọ́, a ò tíì dé Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti mọ̀. Bí òkè kékeré bá ti dé, ẹ́ńjìnnì á ké rara, mọ́tò á sì máa falẹ̀. Òórùn akísà tó ń jóná wọlé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ yìí ń yọ̀."

Ojú rẹ̀ tàn yòò. Ó ní, "Ìwọ náà rí i, àbí?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì ni mò ń wí..." Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù sínú ìrìn àjò ayọ̀. Ó ní kí ni ẹni tó kọ́ mọ́tò lórí gẹdú mọ̀ nípa mọ́tò ọmọlúàbí. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n wà á, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣìkẹ́ irú rẹ̀. Háà! Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọbìnrin mi máa wà mí? Kí àwọn àna mi rí mi bẹ́ẹ̀?" Mo kọjú síwájú. Nígbà tiwa, tí bàbá bá yọ gíláàsì, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀yin lónìí, bàbá á yọ gíláàsì, ẹ ó bá a fi nù ún.

A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a kọrí sí ọ̀nà etí omi. Ilẹ̀ tẹ́jú, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá mi ń kọ orin ìyìn. Ẹ wò ó, ẹ̀tàn kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ nìyẹn, Ṣẹ́gun. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ gan-an ló máa dà ọ́: orí òkè, inú ẹrẹ̀, tàbí nígbà tí o bá fẹ́ yára kọjá lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí tírélà sì ń bọ̀ níwájú. O tẹ tọ́tù kó lè sáré, ariwo nìkan lo gbọ́.

Ọ̀nà yẹn ò rí bó ṣe rí lónìí. Odò kan wà níbẹ̀, afárá onípákó ni wọ́n tẹ́ lé e. Kò ní igi ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fẹ̀ ju mọ́tò lọ. Wàá sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, wàá gùn ún kọjá, lẹ́yìn náà wàá tún gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní òdìkejì. Ilẹ̀ pupa ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, òjò sì ti rọ̀ sí i. A sọ̀ kalẹ̀. A gun afárá, pákó ń dún gbà, gbà, gbà. A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

A gùn ún dé agbede méjì. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá mi tẹ tọ́tù sí i. Ó ké sí i. Kò lọ síwájú mọ́. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ́ńjìnnì ń hó gèè, táyà ò yí rárá! Èéfín bo inú mọ́tò. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn.

Ọlọ́run mi. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Bíréèkì di táyà mú, ilẹ̀ ni kò di táyà mú. Mọ́tò ń fà bọ̀ lórí ẹrẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìdí rẹ̀ sì ti yà kúrò lọ́gangan afárá. Omi ló kọjú sí. Omi dúdú, òjò ti kún un. Ìyá mi wà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé òun ni yóò kọ́kọ́ wọmi.

Ẹ mọ ohun tí Bàbá Olùkọ́ ké? Ọkùnrin tí kì í jẹ́ ká sọ "ulé"? Ó ké tòò, ó ní, "Uná! Uná o! Ọkọ̀ gbiná!"

Èmi ti bẹ́ sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Ohun tí Bùọ̀dá Rábíù fi lé mi lọ́wọ́ ni pé tí ọkọ̀ bá ń padà sẹ́yìn, wá òkúta fún táyà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Òkúta dà? Ẹrẹ̀ ni, koríko ni. Àní mo sọ fún yín pé òkúta ṣọ̀wọ́n níbẹ̀! Mọ́tò ń bọ̀. Mo ké, "Ìyá mi, òkúta! Òkúta!"

Ìyá mi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbàgà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi ta ọlọ sí ìta. Mo gbé e. Ọlọ tí ó jẹ́ pé èmi àti ìyá mi la jọ gbé e wọ mọ́tò ní àárọ̀, èmi nìkan ni mo gbé e. Mo jù ú sí ẹ̀yìn táyà, mo fi ẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ rẹ̀. Táyà gùn ún. Ó dún kà! Etí kan kán lára rẹ̀. Mọ́tò mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì... Ó dúró.

Ó dúró, ẹ̀yin ọmọ yìí. Omi ò jìnnà mọ́.

Mo fa ìyá mi jáde. Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di sitíárì mú, ó le koko. Mo ní, "Bàbá, ó ti tó. Ẹ bọ́ sílẹ̀." Ó bọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sórí koríko pẹ̀lú aṣọ funfun. Ó wá ní, "Yọ̀. Ọkùnrin yẹn ní ó ń yọ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó ní, "Mo ní kí ó máa yọ̀."

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ di ìhà mú. Ó ní, "Uná o!" Bàbá mi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mi ò rí omi lójú bàbá mi rí. Èmi náà sunkún. Ẹ̀rù wá ń bà mí nígbà tí ó ti tán.

Bàbá mi nawọ́, ó ní kí n gbé òun dìde. Ó fi aṣọ nu ojú. Ó ní, "Bá mi wà á."

Ẹ gbọ́, gbólóhùn yẹn! Ọmọ méjì ni òun àti ìyá mi bí, kò sí ọkùnrin níbẹ̀, àwọn ará ilé sì ti fi ìyẹn gún bàbá mi lára rí. Bàbá Olùkọ́ fún mi ní mọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá fún mi ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí, inú mi ò ní dùn tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe wà á? Mi ò sáré. A kó gbogbo ẹrù sílẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi títí èéfín fi lọ tí òórùn fi rọlẹ̀. Àwọn obìnrin kan tó ru ẹja gbígbẹ bọ̀ láti etí omi bá wa níbẹ̀, wọ́n sọ ẹrù, wọ́n ká aṣọ wọn sókè. Mo fi jíà kìíní sí i. Mo jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gòkè tán, mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Tọ́tù ńkọ́? Díẹ̀. Bí ẹni tó ń da epo sínú àtùpà. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe: ọkọ̀ ń ké, wọ́n ń bá a ké. Ohùn Bùọ̀dá Rábíù wá sí mi létí: tí ọkọ̀ bá ń yọ̀, ìwọ má bá a yọ̀. Àwọn obìnrin yẹn tì í lẹ́yìn, ìyá mi wà láàárín wọn, bàbá mi wà láàárín wọn. Ó gbéra. Ó ń rákò, ó ń rákò, ó gòkè! Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n ní, "Obìnrin ló wà á! Ẹ wò ó, obìnrin ni!" Wọ́n tilẹ̀ fún wa ní ẹja.

Bí mo ṣe wà wá dé Ibiade nìyẹn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Àwọn àna wa tò síwájú ilé. Wọ́n ń wo ibi sitíárì pé Bàbá Olùkọ́ ni á sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Bàbá mi jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá mi tún fìlà dé, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ mi ló wà mí wá." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé wọn ò tíì gbọ́ ọ tó, ó tún un sọ. Orí mi wú! Títí di òní, tí mo bá rántí, orí mi ń wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ fún un kó sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tó ti mú ti ilé bọ̀ yàtọ̀. Òun ló kọ ọ́ sínú Bíbélì rẹ̀, ìyá mi rí i. Àmọ́ kò pè é. Ó gbé ọmọ náà dání, ó wò ó. Ó ní, "Mo fẹ́ẹ̀ má bá ọ níbí. Ọkọ̀ yọ̀, mo bá ọkọ̀ yọ̀, Olúwa sì yọ mí. Olúyọmí ni orúkọ rẹ."

Bàbá yín ni ọmọ náà. Títí, o ò mọ̀? Bàbá yín ò sọ fún yín? Ó mọ̀ ọ́n o, ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ẹ̀yin ni ẹ ò béèrè. Ọmọ ìwòyí ò béèrè ìdí orúkọ mọ́, fóònù ni wọ́n ń bi léèrè nǹkan gbogbo. Ọlọ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé yín ní Ibiade, tí etí rẹ̀ kán, ẹ ti lọ ata lórí rẹ̀ láti kékeré. Ta ló bi í léèrè ohun tó kán an létí?

A tún mọ́tò yẹn ṣe kó tó padà sílé. Wọ́n yọ pléètì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jáde, ó ti jó, ó ń dán bí àwo tánganran. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí bàbá mi bá ń lọ tó jìnnà, á ránṣẹ́ sí mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á máa kí àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé. Ó wá di ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ bá mẹkáníìkì. Tí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn kan fún un, á ní, "Ṣàlàyé. Ewo nínú rẹ̀?"

Ayé ti yí padà. Mo mọ̀. Gbogbo nǹkan wá ń yá, àfi sùúrù. Afárá onípákó ti lọ, bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ, Morẹ́nikẹ́ ti lọ, Bùọ̀dá Rábíù ti lọ pẹ̀lú orin rẹ̀. Èmi ni mo kù tí mo mọ òórùn yẹn. Àmọ́ òkè ò lọ, Ṣẹ́gun. Òkè ṣì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Nítorí náà, pe mẹkáníìkì, kó wá bá ọ níbí. Mọ́tò yẹn ò ní kúrò níwájú ilé mi lónìí. Ẹ óò sùn, mo ní iṣu, mo ní àyè. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò létí ìró mi... Wọ́n ti fi bàbá yín sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Yọmí! Olúyọmí! Wọlé wá jókòó, ọmọ mi. Mo ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé orúkọ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sọ ọ́. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọkọ̀ tó ń yọ̀ dán an wò.